Imú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò tí ẹ bá ń yan férémù awò

Àbíkẹ́, Leeds: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló mọ bí a ṣe ń yan férémù awò tó bá ojú mu? Wọ́n yẹ ojú mi wò, wọ́n ní n ò ríran jìnnà, wọ́n sì fún mi níwèé. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù ní ojú mi rí roboto, pé onígun mẹ́rin ló yẹ mí. Ó dára nínú dígí lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á tì í sókè, tí mo bá sì tẹrí ba, á yọ̀ wá sí ṣóńṣó imú. Ṣé ojú mi ni kò dáa ni, àbí awò náà?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ojú rẹ ò ṣe nǹkan kan jàre, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Bọ̀dá Láńre dà? Ẹ wá dá ọmọ yìí lóhùn o, iṣẹ́ yín rèé.

Bọ̀dá Láńre, Birmingham: Mo ti dé. Àbíkẹ́, ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ kì í ṣe irọ́. Wọ́n máa ń ní kí olójú roboto wá férémù tó ní igun, kí ẹni tí egungun àgbọ̀n rẹ̀ fẹ̀ wá èyí tó rí roboto, kí ẹni tí ojú rẹ̀ gùn wá èyí tó jìn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Imú ló ń gbé awò. Ọ̀pọ̀ férémù oníke tó wà ní ṣọ́ọ̀bù níbí, imú tó ga, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ojú méjèèjì ni wọ́n ṣe é fún. Imú ọ̀pọ̀ nínú wa kò ga níbẹ̀, ó sì fẹ̀. Nígbà tí férémù ò bá ríbi jókòó lórí imú, orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni yóò lọ jókòó sí. Ohun tó ṣe ẹ́ nìyẹn.

Yẹ inú apá férémù wò, wàá rí nọ́ńbà mẹ́ta níbẹ̀, bíi 50, 20, 145. Mìlímítà ni gbogbo wọn. Èyí àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ lẹ́ǹsì kan, èkejì ni àlàfo tí imú ń gbà kọjá, ẹ̀kẹta ni gígùn apá tó lọ sẹ́yìn etí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kejì yẹn nìkan ò tó, torí kò sọ bí ibi tó ń fara ti imú ṣe yọ síta tó. Férémù méjì lè jọ jẹ́ 18, kí ọ̀kan jókòó pẹ̀sẹ̀, kí èkejì máa yọ̀.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wà. Mú onírin tó ní pádì imú méjì tí wọ́n lè tẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á sún wọn mọ́ra tàbí kó yà wọ́n síra títí yóò fi bá imú rẹ mu. Tó bá jẹ́ oníke lo fẹ́, béèrè fún low bridge fit, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún imú tí kò ga. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kọ Asian fit tàbí alternative fit sí i. Má jẹ́ kí orúkọ yẹn lé ẹ sá, imú la ń wá.

Tó o bá ti gbé e wọ̀, rẹ́rìn-ín dáadáa, tẹrí ba, kó o sì mi orí. Ṣẹ́jú bóyá irun ìpéǹpéjú rẹ ń kan lẹ́ǹsì. Tí apá rẹ̀ bá ń fún ẹ̀bátí rẹ, férémù náà ti kéré nìyẹn, bó ti wù kó dára tó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston: Ẹ bá mi sọ ti àwa tí nọ́ńbà lẹ́ǹsì wa ga o, tí a ò ríran jìnnà rárá. Mínọ́sì 7 ni mo ń lò. Mo fẹ́ràn férémù ńlá, àmọ́ ṣe ni ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì máa ń nípọn bí ìdí ìgò.

Bọ̀dá Láńre, Birmingham: Lẹ́ǹsì ẹni tí kò ríran jìnnà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, á wá máa nípọn lọ sí etí. Bí férémù bá ṣe fẹ̀ tó ni ibi tó nípọn yẹn á ṣe hàn tó. Ní kí wọ́n sọ PD rẹ fún ẹ, ìyẹn iye mìlímítà láti àárín ẹyinjú kan dé àárín èkejì. Ka wí pé 66 ni. Férémù 48 àti 20, àròpọ̀ rẹ̀ 68, ó sún mọ́ ọn. Férémù 56 àti 18 di 74, wọ́n á ní láti sún àárín lẹ́ǹsì wọlé, ẹ̀gbẹ́ tó nípọn ló máa kù síta. Lẹ́yìn ìyẹn lo tó wá máa ronú lẹ́ǹsì high-index, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 1.67 tàbí 1.74, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tó wọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, owó FSA tàbí HSA ibi iṣẹ́ yín, ìyẹn owó ìtọ́jú ìlera tí ẹ ń yà sọ́tọ̀ láìsan owó orí lórí rẹ̀, ṣeé fi ra awò o. Ẹ má jẹ́ kí ti FSA bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà tí ọdún bá ń parí lọ.

Àǹtí Rónkẹ́, Dublin: Kò sẹ́ni tó sọ ti gèlè? Apá férémù tó nípọn lábẹ́ gèlè, kí òde tó parí, ẹ̀fọ́rí ti dé. Ẹ wá èyí tí apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì nà gbọọrọ. Ní ti àwọ̀, mo rò pé góòlù dára lára adúmáadán ju dúdú lọ, ṣùgbọ́n ojú tèmi nìyẹn.

Bàbá Tóbi, Glasgow: Ní Scotland níbí, àyẹ̀wò ojú ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo wa láti 2006. Ní ilẹ̀ Brítéènì gbogbo, òfin ní kí wọ́n fún yín níwèé lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ sì lè gbé e lọ síbi tó bá wù yín. PD kì í sábà sí nínú ìwé náà, ẹ béèrè kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo varifocal bíi tèmi, ìyẹn lẹ́ǹsì kan ṣoṣo tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn àti ìtòsí, ẹ má rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí ẹnìkan wọn ibi tí ẹyinjú yín bọ́ sí nínú férémù gan-an.

Bọ̀dá Láńre, Birmingham: Òótọ́ ni. Ẹ̀yin tó wà ní England, tí ẹ bá ti pé 40, tí òbí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ yín bá ní glaucoma, àrùn tó lè fọ́ni lójú, ọ̀fẹ́ ni NHS, ètò ìlera ìjọba, ń ṣe àyẹ̀wò ojú fún yín. Àrùn náà wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, kì í sì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbejì, mo ń bá yín wí o.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Mo gbọ́, mo gbọ́.

Àbíkẹ́, Leeds: Mo ti padà lọ o. Onírin ni mo mú, 48, 20, 140. Wọ́n tẹ pádì rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, kò mì. Roboto ni o, olójú roboto pẹ̀lú awò roboto, ó sì yẹ mí!

Àǹtí Rónkẹ́, Dublin: Fọ́tò dà?