"Eegun gbígbẹ" kọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ká máa pe ohun tó ń ṣe eegun ẹsẹ̀ lẹ́yìn tí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn bá fara pa (osteoporosis lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "eegun gbígbẹ". Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó bá gbẹ, òróró là á fi pa á. Ẹni tó bá gbọ́ "gbígbẹ" l'Ábẹ́òkúta níbí á ra òrí ní ọjà Kútọ̀, á máa fi wọ́ orúnkún aláìsàn, á sì máa tẹ̀ ẹ́ kó lè rọ̀. Òkè orúnkún àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ló sì ti máa ń kán.

Eegun ọ̀hún kò gbẹ. Ojoojúmọ́ ni ara ń wó eegun, tó ń mọ òmíràn dípò. Bí ẹsẹ̀ kò bá tẹlẹ̀ mọ́, tí iṣan kò fà á, wíwó á yá ju mímọ lọ, kálísíọ̀mù á sì máa bá ìtọ̀ lọ (òkúta inú kíndìnrín kò jìnnà síbẹ̀). Ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ àkọ́kọ́ ló le jù. Inú eegun rí bí afárá oyin látilẹ̀. Ihò afárá náà ló ń fẹ̀, tí ògiri rẹ̀ ń fẹ́lẹ́.

"Eegun rírọ̀" náà kò gbè é: èyí tó rọ̀ máa ń tẹ̀ ni, èyí ń kán. "Eegun ẹlẹgẹ́" ni tèmi. Orúkọ yẹn ti sọ bí olùtọ́jú ṣe máa gbé ẹsẹ̀: ọwọ́ kan lábẹ́ itan, ìkejì lábẹ́ ojúgun, kó má lọ́, kó má há sára kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Aláìsàn lè má mọ̀ ọ́n lára pé ó ti kán. Bó bá wú, tó gbóná, tí iṣan ń fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má wọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ tó dì náà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lọ ya X-ray.

Àbúrò, mo gbà lórí "gbígbẹ". Ṣùgbọ́n ìlú láfún la wà o! Àmì ohùn àti ẹyọ "ẹ" kan ló ya ẹlẹgẹ́ sọ́tọ̀ sí ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tó ń ta ẹ̀gẹ́, ta ló sì ń fi àmì sí i lórí fóònù? Ìyẹn kéré. Eegun àgbàlagbà náà, ẹlẹgẹ́ ni: ìbàdí, ọ̀pá ẹ̀yìn, ọrùn ọwọ́. Èyí tá à ń sọ yìí máa ń fi ọ̀pá ẹ̀yìn sílẹ̀, orúnkún ló ń bá jà. Ẹni tó bá sì jẹ́ ọrùn ló ti fara pa, eegun apá rẹ̀ náà lè di ẹlẹgẹ́. "Eegun ẹlẹgẹ́ ìsàlẹ̀ ìpalára" ni kó o kọ.