Ìwé bàbá mi ti ń já, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gé etí àwọn ojú ìwé náà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo wà nínú ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ìwé àtijọ́ kékeré kan ní Sùúrùlérè. Bàbá mi fi ìwé ìtàn Yorùbá kan sílẹ̀ fún mi, èyí tí Samuel Johnson kọ, ẹ̀dà ti 1921. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, òwú tí wọ́n fi rán an ti yọ síta, kòkòrò sì ti lu ihò wẹ́wẹ́ sí i.

Alága wa ní kí n gbé e lọ sí Ṣómólú, kí àwọn atẹ̀wé pààrọ̀ èèpo rẹ̀, kí wọ́n sì gé etí rẹ̀ kó dọ́gba. Ọkàn mi ò gbà á rárá. Etí yẹn gan-an ni bàbá mi fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ sí!

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti tún irú ìwé báyìí ṣe láìgé e? Kí ni mo sì lè fi lé kòkòrò tí kò ní ba bébà jẹ́? Òjò ti ń sún mọ́lé.