Àrọ́wọ́tó, àjọbójútó, àti ohun tí "nẹ́tíwọ́kì ti lọ" ń fi pamọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin síwájú wa, kí á yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó wọ àkójọ ọ̀rọ̀ tí a ń ṣe fún àwọn oníròyìn àti olùkọ́. Wọ́n ní kí internet governance (bí wọ́n ṣe ń gbé ìlànà ayélujára kalẹ̀) máa jẹ́ "ìjọba ayélujára", kí internet access (kí èèyàn rí ayélujára lò) jẹ́ "àǹfààní ayélujára", kí data protection (dídáàbò bo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa wa) jẹ́ "ìdáàbòbò dátà", kí shutdown (kí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ pa ayélujára) sì jẹ́ "àìsí nẹ́tíwọ́kì". Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọkàn mi gbà, ohun kan náà ló sì ń dùn mí nípa gbogbo wọn: ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí kì í hàn nínú wọn bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ tí aráàlú máa fi béèrè ohun tó tọ́ sí wọn ni à ń wá. Bí ọ̀rọ̀ náà bá bò wọ́n lójú, ta ni wọ́n máa bi?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí "ayélujára" fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju bí a ṣe ń lò ó lẹ́nu lọ. Bí yàrá méjì bá lu já ara wọn, ẹni tó wà nínú èyí lè gba ibẹ̀ bọ́ sínú ìyẹn láìgba ìta. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé ayé lu jára ti rí i pé èyí kì í ṣe ilé oníbaálé kan, tó ní ẹnu ọ̀nà kan. Níbo ni ìjọba fẹ́ tẹ́ ìtẹ́ sí nínú ohun tó lu jára? Lẹ́nu wa lónìí, ìjọba ni Àbújá, òun ni Aláúsá, òun ni gómìnà àti alága káńsù. Bí akọ̀ròyìn bá kọ "ìjọba ayélujára", òǹkàwé á rò pé ọ́fíìsì ìjọba kan ni, tàbí pé ìjọba ti kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí ayélujára.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí à ń túmọ̀ kọ́ nìyẹn. Lọ́dún 2005, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí ìlú Tunis lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé ìjọba, àwọn iléeṣẹ́ aládàáni àti àwọn ẹgbẹ́ aráàlú, kálukú láyè tirẹ̀, ló jọ ń gbé ìlànà tí ayélujára ń tẹ̀ lé kalẹ̀. Ẹ wo Nàìjíríà nìkan. NCC ló ń fún àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù níwèé àṣẹ, iléeṣẹ́ ìjọba sì ni. Ṣùgbọ́n NiRA ló ń bójú tó àwọn àdírẹ́sì tó parí sí .ng, ẹgbẹ́ sì ni òun. Àwọn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀, láti erékùṣù Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ AFRINIC ti ń pín in fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, tó gúnlẹ̀ sí etíkun Èkó, iléeṣẹ́ aládàáni ló ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí okùn bá sì fẹ́ kúrò létí òkun wọ inú ìlú, ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ni wọ́n máa gbẹ́.

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí ẹnì kan lára wa ti pe owó tí ìpínlẹ̀ ń gbà lórí gbígbẹ́ ilẹ̀ yẹn ní "ẹ̀tọ́ ojú ọ̀nà", ìyẹn right of way. Òyìnbó tó wọ agbádá nìyẹn. Àwọn baba wa mọ owó yìí dáadáa. Ẹni tó bá ru ẹrù dé ẹnu ibodè, oníbodè á gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wọlé. Owó oníbodè ni. Lọ́dún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ àti àwọn gómìnà ti fẹnu kò sí i pé kó má ju náírà 145 lórí mítà kan, ṣùgbọ́n oníbodè kálukú ń gba bó ṣe wù ú. Náírà 4,500 ni Èkìtì ń gbà lórí mítà kan títí di ọdún 2020, kí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí tó fọwọ́ sí i pé kó padà sí 145. Bí ẹ bá sọ fún ìyá tó ń tajà ní Adó-Èkìtì pé owó oníbodè wà lára ohun tó mú kí íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n, kò ní bi yín ní ìtumọ̀.

Arábìnrin wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti dábàá "ìṣàkóso ayélujára". Ó sàn ju ìjọba lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n níbi tí ìṣàkóso bá wà, alákòóso kan ni etí wa máa ń retí. Ọjà ni mo ń rò ní tèmi. Nínú ọjà ọba, ọba ló ni ilẹ̀, ìyálọ́jà ń parí ìjà, ẹgbẹ́ aláta ní òfin tiwọn, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ran ní tiwọn, káńsù ń gbowó orí ìsọ̀. Kò sẹ́ni tó lè dìde láàárọ̀ kan kó sọ pé òun nìkan ló ni ọjà. Wọ́n jọ ń bójú tó o ni. Nítorí náà, "àjọbójútó ayélujára" ni àbá tèmi. A ti ní àjọṣe, a ní àjọbí, a ní àjọgbé, kò ní ṣàjèjì létí ẹnikẹ́ni.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan máa sọ, pé "àjọ" tún ni à ń pe ìgbìmọ̀, pé òǹkàwé lè rò pé àjọ kan tó ń bójú tó ayélujára ni mò ń wí. Ó lè rò bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá ṣi èyí gbọ́ á gbọ́ pé àwọn èèyàn jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, èyí kò sì jìnnà sí òótọ́. Ẹni tó bá ṣi "ìjọba" gbọ́ á ti gbà pé kò sóhun tó kan òun níbẹ̀.

Ó wá ku "àǹfààní". Èyí ló mú mi jókòó kọ̀wé.

Ìyá mi ń gbé ní ìletò kan ní Òkè-Ògùn, lọ́nà Ṣakí. Nínú gbogbo àyíká ilé wọn, ibì kan ṣoṣo ni fóònù ti ń rí nẹ́tíwọ́kì mú dáadáa: lórí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí ẹ̀ka méjì ti yà. Wọ́n so ọ̀rá dúdú kan mọ́ ibẹ̀. Bí alẹ́ bá lẹ́, ọmọ tó bá ga jù nínú ilé á gbé fóònù sínú ọ̀rá yẹn, á tan sípíkà rẹ̀, màmá á fa àpótí jókòó sídìí igi, wọ́n á wá máa fi ohùn òkè bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe ẹni tó wà lókè àjà. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń dùn wọ́n sí. Bí òjò bá ṣú, wọ́n á sáré yọ fóònù kó tó rin, ọ̀rọ̀ wa á parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé nẹ́tíwọ́kì ti wá dé ọ̀dọ̀ yín báyìí?" Wọ́n ní, "Ó dé o. Ọwọ́ ni ò tó o."

Ẹ̀yin ará, kò sí ìwé atúmọ̀ èdè tó lè là á yé mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹfààní jẹ́ ohun tí ẹnì kan ṣe fúnni, tí a fi ń dúpẹ́. Bí wọn kò bá ṣe é fúnni, a ò lè bá wọn jà. "Àrọ́wọ́tó" lọ̀rọ̀ tí màmá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ, ó sì ti wà nílẹ̀ látijọ́: ohun tí ọwọ́ nà dé, tó sì bà. Ó yà á sọ́tọ̀ kedere kúrò lára ohun tó kàn dé àdúgbò. Ibi tí nẹ́tíwọ́kì dé jẹ́ ọ̀rọ̀ òpó, àrọ́wọ́tó jẹ́ ọ̀rọ̀ èèyàn. Owó wà nínú rẹ̀, iná tí wọ́n fi ń gba fóònù lágbára wà nínú rẹ̀, èdè tí wọ́n fi kọ nǹkan sójú fóònù wà nínú rẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ètò íntánẹ́ẹ̀tì (National Broadband Plan) tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020, èyí tó yẹ kó parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 2025, kò mẹ́nu ba iye èèyàn tó máa rí íntánẹ́ẹ̀tì lò nìkan. Ó ní kí gígábáìtì kan má ju náírà 390 lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni NCC wá fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, títí dé ìdá 50 nínú 100. Òpó kò kúrò níbi tó wà, nẹ́tíwọ́kì kò kúrò níbi tó dé. Àrọ́wọ́tó ló sún sẹ́yìn. Ẹ fi "àǹfààní" sínú gbólóhùn yẹn kí ẹ wò ó bóyá ó dúró.

Lórí "dátà", n kò ní pẹ́. Lọ́dún 2023 tí òfin Nigeria Data Protection Act jáde, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan gbọ́ lórí rédíò pé "òfin ìdáàbòbò dátà" ti dé. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó bi mí pé ṣé wọn ò wá ní máa jẹ dátà àwọn mọ́, pé èyí tóun rà lọ́jọ́ Àìkú ti tán kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò ṣìnà rárá. Lẹ́nu wa, dátà ni ohun tí à ń rà, tó ń tán, tí fóònù ń jẹ. Ohun tí òfin yẹn ń sọ ni orúkọ wa, ọjọ́ ìbí wa, nọ́ńbà wa, àwòrán ojú wa tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí á fi dátà sílẹ̀ fún ohun tí à ń rà, kí èyí tó kù máa jẹ́ "ìwífún ara ẹni".

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù lọ́kàn mi ni "àìsí nẹ́tíwọ́kì". Bí iná bá lọ ládùúgbò, kí ni à ń wí? "Wọ́n ti mú iná lọ." A mọ̀ pé ẹnì kan wà níbì kan tó mú un, kódà bí a ò bá rí i. Ṣùgbọ́n bó bá di ti íntánẹ́ẹ̀tì, a máa ń sọ pé "nẹ́tíwọ́kì ti lọ", bí ẹni pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn jáde. Nígbà míì, kò sẹ́ni tó mú un lóòótọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní etíkun Ivory Coast, ó sì ṣe àwọn báńkì Èkó léṣe. Okùn já, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, níbi ìdìbò ilé aṣòfin ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, okùn kankan kò já. Wọ́n pa ayélujára ni, bí èèyàn ṣe ń pa iná. Ní Nàìjíríà, láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022, wọn kò pa ayélujára, wọ́n dí ọ̀nà Twitter ni, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi VPN, áàpù tó ń fi ibi tí èèyàn wà pamọ́, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Já, pa, dí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ọ̀ràn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú "àìsí nẹ́tíwọ́kì", a ti tú ẹni tó pa á sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sì ni. Lọ́dún 2020, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá ìjọba Tógò lẹ́bi nítorí pé wọ́n pa ayélujára nígbà ìfẹ̀hónúhàn oṣù kẹsàn-án 2017. Ní 2022, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé dídí tí Nàìjíríà dí Twitter kò bófin mu. Kò sí adájọ́ tó lè dá nẹ́tíwọ́kì tó "lọ" lẹ́bi.

Mo fẹ́ rán yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ náà lọ́dún 2018, nígbà tí ìjọba fẹ́ máa gba fáráńsì 5 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá fi lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Aráàlú fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dìde, #TaxePasMesMo. "Mo" ni ìkékúrú mẹ́gábáìtì ní Faransé. Má bu owó orí lé mẹ́gábáìtì mi, ìyẹn ni wọ́n ń wí. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ìjọba ti fà á sẹ́yìn. Aráàlú ti mọ orúkọ ohun tí ìjọba fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì pè é ní tiwọn.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ ní Bẹ̀nẹ̀, tó wà láàárín wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i. Lọ́jọ́ ìdìbò 2019 yẹn, nígbà tí fóònù yín dákẹ́, kí lẹ sọ fún ara yín nílé? Ṣé "wọ́n pa á" ni, tàbí ẹ ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó dára ju èyí lọ? Tiyín ni mo fẹ́ kí á kọ sínú àkójọ.