Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi ọmọ mi ránṣẹ́ sí màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni?

Ìyá Ìfẹ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí n kò lè sọ fún ìjọ tó rán wa, kí wọ́n má bàa rò pé a ti fẹ́ sá kúrò ní pápá.

Ọdún keje rèé tí èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa mẹ́ta ti ń gbé ní Kaolack, ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Ìlú ẹ̀pà àti iyọ̀ ni. Omi ilẹ̀ ibẹ̀ ò dùn mu rárá, ó ní iyọ̀ nínú, àwọn ọmọ tó sì ti ń mu ún láti kékeré, eyín wọn a máa pọ́n bí eyín ẹni tó jẹ obì sùn. Rírà la ń ra omi mímu tiwa. Ní ti ooru oṣù karùn-ún, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìta gbangba la máa ń tẹ́ ẹní sí sùn. Ọkọ mi a máa lọ sí abúlé àwọn Serer, ó ń kọ́ wọn ní adìyẹ sísìn, ó ń kọ́ wọn ní Bíbélì. Èmi ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìwé kíkà àti aṣọ rírán.

Mùsùlùmí ló yí wa ká, wọn ò sì fi ẹ̀sìn ni wá lára rí. Bí Iléyá bá dé, ẹran a máa wọlé wa láti ojúlé mẹ́rin márùn-ún. Bí ọjọ́ Ẹtì tí a ń ṣèrántí ikú Jésù bá dé, èmi náà á po ngalakh: jéró, ẹ̀pà lílọ̀ àti èso igi oṣè. N ó bù ú sínú abọ́, àwọn ọmọ á máa gbé e kiri àdúgbò. Ìyá kan tó jẹ́ Kátólíìkì ló kọ́ mi ní pípo rẹ̀ lọ́dún tá a dé.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá rèé. Ìfẹ́, àkọ́bí wa, ti pé ọdún méjìlá. CM2 ló wà, ìyẹn bíi praimárì síìsì tiwa, ìdánwò àṣejáde sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọkọ mi ní kó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Faransé níbí. Èmi ní kó lọ bá ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó bẹ̀rẹ̀ JSS1 ní oṣù kẹsàn-án.

Ohun tó fà á ni pé lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń ṣe Mọ́lúdì ní Medina Baye, àdúgbò kan ní Kaolack níbí, níbi tí wọ́n sin Ṣéù Ibrahim Niasse, aṣáájú àwọn Tijaniyya, sí, èrò a máa wá láti Nàìjíríà bí omi. Hausa ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ ọmọ Yorùbá ń bẹ láàárín wọn. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti Ìfẹ́ wà lọ́jà, a ń ra ẹja gbígbẹ. Obìnrin kan tó wọ híjáàbù funfun gbọ́ tí mo ń ka owó ní Yorùbá lábẹ́nu. Ó pariwo, "Háà! Ọmọ ìyá mi rèé!" Ìbàdàn ló ti wá. A dì mọ́ra bí ẹni tó ti mọra tipẹ́. Ó wá yíjú sí Ìfẹ́: "Ìwọ ńkọ́, arẹwà, o ò ní kí mi?" Ọmọ mi na ọwọ́ sí i, kó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò kúnlẹ̀. Obìnrin yẹn wo ọwọ́ náà, ó wò mí, ó sì bọ̀ ọ́, torí ọmọlúàbí ni. Ìfẹ́ wá sọ fún mi ní Wolof pé, "Yaay, lan la wax?" Kí ló sọ, Màmá?

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti ń dá lójú mi. Ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ́ Wolof kí n lè bá ìyàwó aládùúgbò sọ̀rọ̀. N kò fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó ti ọmọ ara mi kí n kọ́ ọ ní Yorùbá. Tí ìyá mi bá pè, àwọn ọmọ á ní "Ẹ káàárọ̀ mà", bí alẹ́ bá tilẹ̀ ti lẹ́, wọ́n á wá gbé fóònù fún mi. Màmá ní òun ò ní ọmọ-ọmọ mọ́, fọ́tò nìkan lòun ní.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ṣakí:
Fi ọmọ ránṣẹ́ sílé jàre. Kí ni o tún ń rò? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ ọdún méjìlá ni, tó bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀, ó ti bọ́ nìyẹn.

Bàbá Olùkọ́:
Ìyá Ìfẹ́, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè méjì. Èkíní: ẹni ọdún mélòó ni màmá yín, ta ló sì wà lọ́dọ̀ wọn? Ìkejì: ṣé Ìfẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní JSS1. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó gbọ́ Yorùbá. Ẹ ò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni nílé báyìí, ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e ni? Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi pátákó kọ́ ọmọ lọ́rùn. Ẹ lè fi ọmọ yín ránṣẹ́ láti Kaolack wá gba ìtanràn ní Ògbómọ̀ṣọ́ o.

Ìyá Ìfẹ́:
Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni màmá, àbúrò mi ọkùnrin ló ń gbé tì wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì Ìfẹ́ kò ju ti inú orin lọ. Ọ̀rọ̀ ìtanràn yẹn bà mí lójijì. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí ní kékeré, mo kàn ti gbàgbé ni.

Adé Jollof:
Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bá wa bi wọ́n ta ló ni Jollof. 😂

Ìyá Ìfẹ́:
Wọ́n ní tiwọn ni. UNESCO tilẹ̀ ti kọ ìrẹsì ẹlẹ́ja wọn yẹn sílẹ̀ ní 2021. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, torí inú abọ́ kan náà la jọ ń jẹ ẹ́.

Ọmọ Maradi:
Mà, ọmọ míṣọ́nnárì ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí àwọn òbí mi fi mí ránṣẹ́ láti Maradi ní Niger sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Òṣogbo. N kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, wọn ò fìyà jẹ mí. Mo jẹun yó, mo lọ ilé-ìwé, Yorùbá mi já geere, òun náà lẹ ń kà yìí.

Lọ́dún kejì, màmá mi wálé fún ìsinmi. Wọ́n pè mí jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Mo nu ọwọ́, mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú ìrìn mà." Bí mo ṣe ń kí gbogbo àlejò tó bá wọlé wa nìyẹn. Mo wá dìde, mo lọ gbé omi wá fún wọn. Màmá mi gba omi náà, wọn ò mu ún. Ọdún mẹ́rìnlélógún ti kọjá, a ti di ọ̀rẹ́, àmọ́ wọ́n ṣì máa ń sọ̀rọ̀ "mà" ọjọ́ náà.

Ìkíni mi pé. N kò rò pé òun ni wọ́n wá gbà.

Ìyá Ìbejì, Ṣakí:
Hmm. Ọmọ Maradi, o pa mí lẹ́kún. Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kí ọmọ má mọ èdè ìyá rẹ̀ ṣá.

Àǹtí Serrekunda:
Ẹ̀yin ará, Kaolack ni ẹ ń sọ, ẹnikẹ́ni ò sì dárúkọ Gámbíà! Ìyá Ìfẹ́, ẹ gba ọ̀nà Karang, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Barra, ẹ ti dé Banjul. Bí ẹ bá jáde ní kùtùkùtù, ilẹ̀ ò ní ṣú kẹ́ ẹ tó dé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́wèé níbí. WAEC kan náà ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú Nàìjíríà, Gánà, Siẹrra Léónè àti Làìbéríà, torí náà ìwé ẹ̀rí rẹ̀ á wúlò nílé. Wolof wà nígboro, ara ò ní ta á. Yorùbá náà pọ̀: olùkọ́, oníṣòwò, pásítọ̀. Ìsinmi kọ̀ọ̀kan ló máa lè wá sílé wá bá yín. Ti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀ẹ̀mélòó ni ẹ lè sanwó ọkọ̀ òfuurufú? Ọ̀nà ilẹ̀ tó gba Málì kọjá kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń fi ọmọ sí báyìí.

Àmọ́ o, ẹ má mú un wá lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ kó fi ọdún kan kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ná. Mo rí ọmọ tó ti ilé-ìwé Faransé wá, tí wọ́n dá padà sí kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ojú tì í débi pé kì í jáde ní ìsinmi ọ̀sán.

Ìyá Ìfẹ́:
Àǹtí, Ọlọ́run á bù kún yín. Gámbíà wà nítòsí wa tó bẹ́ẹ̀, kò sì wá sí wa lọ́kàn rí! Ní ti owó ọkọ̀ òfuurufú, ẹ má dárúkọ ẹ̀ mọ́. Iye náírà tí ìjọ ń fi ránṣẹ́ kò dín, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, ohun tó ń dì ní owó sefà ti já wálẹ̀ gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la ń jẹ adìyẹ, ọkọ mi sì ni olùkọ́ adìyẹ o.

Bàbá Olùkọ́:
Ìmọ̀ràn Àǹtí dára. Kí Yorùbá bẹ̀rẹ̀ lónìí, kó má dúró de ilé-ìwé kankan. Ẹ ní Bíbélì Yorùbá nílé? Èyí tí Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1884 ni mò ń sọ. Ẹsẹ mẹ́ta péré lálẹ́, kó kà á sókè sétí màmá lórí fóònù, kí màmá máa tún un ṣe. Ẹ̀yin ẹ má dá sí i. Ìyá àgbà kì í kánjú bíi tiwa.

Ọmọ Maradi:
Ẹ bi Ìfẹ́ náà léèrè. Wọn ò bi mí.

Ìyá Ìfẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta:
Ẹ̀yin ará, mo padà wá. A bi í. Ó ní òun fẹ́ rí Gámbíà kí òun tó sọ̀rọ̀, àti pé òun ò lọ síbi tí kò sí Awa, ọ̀rẹ́ ẹ̀. Bàbá ẹ̀ máa mú un dé Serrekunda nígbà ìsinmi. Àǹtí, mo ti kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀.

Aago méje alẹ́ tiwa, tó jẹ́ mẹ́jọ tiyín, ni màmá ń pè báyìí. Ìwé Jòhánù ni wọ́n ń kà. Alẹ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ kan gba ogún ìṣẹ́jú, mo sì ń ti inú kíṣìnì fẹnu já a títí ọkọ mi fi ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Lánàá, wọ́n kà á tán, màmá ní: "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Kí wọn níbẹ̀ o. Sọ fún ìyá ẹ pé ó kú ilé, bàbá ẹ náà kú iṣẹ́, ó kú ooru."

Ìfẹ́ dákẹ́. Ó wá fi Yorùbá ara ẹ̀ bèèrè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó: "Màmá. Kí ló dé. Tí gbogbo wa. Fi ń kú?"

Màmá rẹ́rìn-ín débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àbúrò mi ló gbé e.