Ìtọrọ ni, kì í ṣe ìgbanisíṣẹ́

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ka ìròyìn eré ìdárayá lórí rédíò béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ká máa pe ohun tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì Amẹ́ríkà ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń wá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí yóò wá gbá bọ́ọ̀lù fún wọn (bọ́ọ̀lù tiwọn ni o, èyí tí wọ́n ń gbé sáyà sáré). Àwọn kan fèsì pé "ìgbanisíṣẹ́". Wọ́n tún ní kí "òkìkí" dúró fún ojú tí aráyé fi ń wo akọ́nimọ̀ọ́gbá. N kò fara mọ́ méjèèjì.

Ìpínlẹ̀ Georgia ni mò ń gbé. Ọmọ aládùúgbò mi kan, Yorùbá bíi tiwa, mọ bọ́ọ̀lù yìí gbá débi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì kan fi wá sílé wọn lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìyá àgbà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, wọ́n sì pè mí kí n wá máa ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Ọkùnrin náà wọlé, ó ṣí fìlà, ó jókòó sétí àga bí àna tuntun. Ó jẹ ẹ̀fọ́ rírò tí wọ́n gbé fún un, ó yìn ín, ó sì ń ṣèlérí fún ìyá ọmọ pé bí ọmọ òun lòun yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Màmá yíjú sí mi: "Kí ló wá ṣe?" Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni pé, "Ó wá tọrọ ọmọ ni, mà." Ó yé wọn kíá. Wọ́n ní, "Ta ló mọ̀ ọ́n?" Ọmọ náà na fóònù sí wọn: "Màmá, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ẹ wò ó." Màmá ò tilẹ̀ wo fóònù. "Mi ò béèrè ẹni tó ti rí i. Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé ìtọrọ lọ̀rọ̀ tó yẹ. Kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dé ilé ẹnikẹ́ni, ó ti rán èèyàn lọ wo ọmọ náà ní pápá: ìfojúsóde nìyẹn. Bí ọmọ bá fẹnu sọ pé òun gbà, ọ̀rọ̀ ẹnu ni, kò tíì dè é: ìjọ́hẹn ni. Ọjọ́ tó bá fọwọ́ síwèé ni ìdána. Lọ́jọ́ náà, ọmọ á to fìlà yunifásítì mẹ́ta tàbí mẹ́rin sórí tábìlì níwájú kámẹ́rà, ẹbí á yí i ká, ọwọ́ rẹ̀ á máa rìn lórí wọn bí ọwọ́ ìyàwó tí alága ìjókòó ní kó lọ mú ohun tó wù ú nínú ẹrù ìdána, títí yóò fi gbé ọ̀kan dé orí.

Ẹ wo Travis Hunter. Ó ti jọ́hẹn fún Florida State látọdún 2020. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ó yí ohùn padà, ó fọwọ́ síwèé fún Jackson State ní Mississippi, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú tí owó àti pápá rẹ̀ kò tó ti Florida State rárá. Ọmọ ìràwọ̀ márùn-ún sì ni, ìyẹn ipò tó ga jù lọ tí wọ́n ń fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Deion Sanders ló ń kọ́ wọn níbẹ̀, ẹni tí Amẹ́ríkà ti ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù. Alárinà ti ṣiṣẹ́ fún un kó tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Iléeṣẹ́ ìròyìn ni alárinà yẹn. Ṣùgbọ́n ní tiwa, bí ojú bá ti mọjú, alárinà á yẹ̀bá. Tẹlifíṣọ̀n kì í yẹ̀bá. Ó wà níbi ìtọrọ, ó wà níbi ìdána, bí ilé bá sì dàrú, òun náà ni yóò kọ́kọ́ sọ.

Ìgbà tí Sanders dé yunifásítì Colorado ní ìparí ọdún 2022, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n borí nínú ìdíje 12 lọ́dún yẹn. Ó sọ fáwọn ọmọ tó bá níbẹ̀ pé ẹrù tòun (àwọn ọmọ tòun ló ń wí) lòun ń gbé bọ̀, kí wọ́n wá ibòmíràn lọ. Wọ́n ya gbogbo rẹ̀ sí fídíò, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Colorado na TCU, yunifásítì kan ní Texas, ní 45 sí 42, TCU tó dé àṣekágbá ìdíje orílẹ̀-èdè lóṣù Kìíní ọdún kan náà. Wọ́n borí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ESPN àti Fox sì gbé ètò wọn wá sí Boulder, ìlú tí yunifásítì náà wà, lọ́sẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ bá yunifásítì Oregon. Kí wọ́n tó wọ pápá, Dan Lanning tó ń kọ́ Oregon sọ fáwọn ọmọ rẹ̀, níwájú kámẹ́rà, pé kílíkì (kí aráyé máa tẹ fídíò wọn wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì) làwọn ará Colorado ń jà fún, ìṣẹ́gun làwa ń jà fún. Oregon nà wọ́n ní 42 sí 6. Colorado parí ọdún náà pẹ̀lú ìṣẹ́gun mẹ́rin àti ìjákulẹ̀ mẹ́jọ, ọdún yẹn gan-an sì ni ìwé ìròyìn Sports Illustrated fi Sanders ṣe ẹni ọdún nínú eré ìdárayá.

Bí a bá fi "òkìkí" nìkan sọ èyí, a ò ní lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn, kò sí àríyànjiyàn. Orúkọ gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Colorado ni kò tíì ní nígbà náà. Orúkọ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Nick Saban ní: ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè méje, ọ̀kan ní LSU (yunifásítì Louisiana), mẹ́fà ní Alabama. Kó tó jókòó sí yàrá ẹnikẹ́ni, ife-ẹ̀yẹ ti bá a sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi "orúkọ" túmọ̀ ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ká fi "òkìkí" sílẹ̀ fún ohun tí ẹnu ń gbé kiri. Ẹni tó dá "ìsọdolókìkí" sílẹ̀ fún iṣẹ́ àwọn oníròyìn náà ṣe wàhálà lásán. A ti ní "kókìkí" tipẹ́, ìkókìkí ni.

N kò sọ pé irọ́ ni òkìkí o. Òun ló fa Hunter wá, Hunter tẹ̀ lé e dé Colorado, nígbà tó sì di ọdún 2024 wọ́n borí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, Hunter sì gba àmì ẹ̀yẹ Heisman, èyí tí wọ́n ń fún ọmọ yunifásítì tó gbá bọ́ọ̀lù yìí dáadáa jù lọ́dún. Òkìkí lè ṣí ọ̀nà fún orúkọ. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ méjì, ká lè sọ ibi tí ọ̀kan ti di èkejì.

Àwọn tó ní "ìgbanisíṣẹ́" rí nǹkan kan, mo gbà. Láti oṣù Keje ọdún 2021 làwọn ọmọ náà ti lè fi orúkọ àti àwòrán ara wọn pawó. Láti oṣù Keje ọdún 2025, yunifásítì fúnra rẹ̀ lè sanwó fún wọn. Saban tilẹ̀ sọ ní 2022 pé Jackson State fi mílíọ̀nù dọ́là ra ọmọ kan. Sanders ní irọ́ ni, Saban sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n owó orí tí à ń gbà láti ayébáyé kò sọ ìtọrọ di ọjà rírà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó ń yọ mí lẹ́nu. Láti 2018 ni ọmọ tó ti wà ní yunifásítì kan ti lè forúkọ sílẹ̀ kí àwọn mìíràn wá tọrọ rẹ̀. "Ìkọ̀sílẹ̀" ti le jù, torí kì í ṣe ìjà ló ń lé èyí tó pọ̀ nínú wọn. "Ìpadàsọ́jà" tí ẹnì kan dábàá ń rí mi lára, ọmọ èèyàn ni wọ́n. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn àgbà ìlú yín, èyí tí wọ́n ń lò fún obìnrin tó kó kúrò nílé ọkọ láìjà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ.