Níbo ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "shibboleth" ti ṣẹ̀ wá?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní orírun "shibboleth", ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ohun tí a fi ń dá onílé mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Ìwé atúmọ̀ kan ní "ṣírí ọkà" ni, òmíràn ní "ìṣàn omi" ni. Èwo ni kí n mú, báwo ló sì ṣe di ohun ìdánimọ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ lọ ka Ìwé Àwọn Onídájọ́, orí 12. Nígbà tí Jẹfta àti àwọn ará Gileadi ṣẹ́gun Efraimu, ẹ̀yà Ísírẹ́lì kan, tán, wọ́n gba ìwọdò Jọrdani, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ sọdá, wọ́n á ní kó pe "Ṣiboleti". "Siboleti" ló ń jáde lẹ́nu ará Efraimu, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń pa á. Bíbélì ka àwọn tó kú sí 42,000. Ìró "ṣ" nìkan ni wọ́n ń tẹ́tí sí, wọn ò bìkítà fún ìtumọ̀. Ó yẹ kí èyí yé àwa ọmọ Ìbàdàn, tí àwọn àgbà wa ń pe iṣu ní "isu".

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èdè Hébérù nìkan kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ yìí. "Sunbula" ni Lárúbáwá ń pe ṣírí, òun náà ló wà nínú Kùránì, Suratul Baqarah, ẹsẹ̀ 261, níbi tí hóró kan ti hu ṣírí méje, tí ọgọ́rùn-ún hóró sì wà nínú ṣírí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ náà ń pè é ní "šubultu". Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni, ó sì ti pẹ́ gan-an.

Ìdáhùn: Olùkọ́, ẹ má yọ ìkankan kúrò nínú ìtumọ̀ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ Hébérù yìí ni wọ́n lò fún ṣírí ọkà inú àlá Farao ní Jẹ́nẹ́sísì 41, òun náà ni wọ́n lò fún ìkún omi nínú Sáàmù 69. Létí odò ni wọ́n ti bi àwọn ará Efraimu, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ kan fi fara mọ́ ìṣàn omi. Ṣùgbọ́n ìtàn inú Onídájọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ, nítorí òun ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Tí wọ́n bá ti dàgbà tó, ẹ sọ ti ọdún 1937 náà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Trujillo, apàṣẹwàá Dominican Republic, pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Haiti ní orílẹ̀-èdè náà. Ìtàn sọ pé "perejil", orúkọ ewébẹ̀ parsley ní èdè Spanish, ni àwọn ọmọ ogun náà ní kí àwọn ará Haiti pè, tí wọ́n ń tẹ́tí sí ìró "r" inú rẹ̀.