Ẹ̀yin tí ẹ bá àwọn Júù jọ kàwé lókè òkun, ẹ wá sọ ti yín

Àdùkẹ́ (Massachusetts)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìwọlé sí Brandeis ní Waltham, ni ìyá rẹ̀ bá pè mí láàjìn: "Wọ́n ní ilé-ìwé àwọn Júù ni. Ṣé wọn ò ní yí ọmọ mi lẹ́sìn padà?" Ẹ̀rín pa mí. Nígbà kan, àwọn yunifásítì ńlá ńlá ní Amẹ́ríkà kì í fẹ́ kí ọmọ Júù pọ̀ jù láàárín wọn. Ní 1922, A. Lawrence Lowell tó jẹ́ ààrẹ Harvard dábàá pé kí wọ́n fi gègé lé iye tí wọ́n á máa gbà. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn Júù dá Brandeis sílẹ̀ ní 1948, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún oníkálukú, Júù o, kì í ṣe Júù o. Ilé ìsìn mẹ́ta ló wà nínú ọgbà, ti Kátólíìkì, ti Pùròtẹ́sítáǹtì àti ti Júù, wọ́n sì kọ́ ọ lọ́nà tí òjìji ọ̀kan ò fi ní í bo èkejì. Kí ìyá ọmọ fọkàn balẹ̀.

Èmi náà ní ìrírí tèmi. Ọmọbìnrin tí a jọ gbé fúláàtì nígbà tí mò ń ṣe máàsítà, Júù tó ń pa òfin mọ́ gidi ni. Láti ọ̀sán Jímọ̀ ló ti máa ń sáré kiri. Nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin ààbọ̀ kì í tíì lù lápá ibí tí oòrùn á ti wọ̀, Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wọn, sì dé nìyẹn. Á ti se gbogbo oúnjẹ, á tan àbẹ́là, á tú gílóòbù inú fíríìjì kí iná má bàa tàn bó bá ṣí i. Kódà bébà ìnùdí, á ti já a sílẹ̀ ní ègé ègé, torí nǹkan yíya wà lára iṣẹ́ tí wọn ò gbọdọ̀ ṣe. Títí ìràwọ̀ mẹ́ta á fi yọ lálẹ́ Sátidé, kò ní í fọwọ́ kan fóònù, kò ní í kọ̀wé.

Lálẹ́ Jímọ̀ kan, èjìká rẹ̀ gbá swíìṣì, iná ilé ìdáná kú pii. Kò lè tàn án, kò sì gbọdọ̀ bẹ̀ mí pé kí n bá òun tàn án. Ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ní, "Ilé ìdáná yìí mà ṣókùnkùn o." Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Ó tún ní, "Èèyàn ò lè rí ìkòkò níbẹ̀ rárá." Àbí ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀? Mo dìde, mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí, mo tan iná, mo mu omi mi, mo padà lọ jókòó. Nígbà tí Sábáàtì tán ló ṣàlàyé fún mi pé òùngbẹ tèmi yẹn gan-an ni òfin ń fẹ́: bí mo bá tàn án nítorí ara mi, òun náà lè rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lò.

Òun ló mú mi lọ sí Hillel. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù ni. Yunifásítì Illinois ni rábì kan tó ń jẹ́ Benjamin Frankel ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1923, ó sì ti tàn káyé báyìí. Lálẹ́ Jímọ̀, yàrá mẹ́ta ni wọ́n ń pín sí, ẹ̀ka ìsìn Júù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: Orthodox níbí, tọkùnrin tobìnrin ò jókòó pọ̀, Conservative lọ́hùn-ún, Reform nínú ìkẹta, àwọn ń ta gìtá. Bí ìsìn bá parí, ìdí oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn ń bọ̀. Ẹ fojú inú wo Áńgílíkà, Kérúbù àti Àpọ́sítélì tí wọ́n jọ ń jẹun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tẹ́nikẹ́ni ò sì ní í fìwé àṣàrò lé ẹnìkejì lọ́wọ́! Àmọ́ ẹ̀dá ò lè jiyàn tó wọn. Lórí ọbẹ̀ adìyẹ lásán, wọ́n á jiyàn.

Ẹ tún mọ èyí: tí wọ́n bá ti wẹ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹ búrẹ́dì challah, wọn kì í sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi fi búrẹ́dì náà sẹ́nu. Ẹ kí wọn títí, orí ni wọ́n á máa mì sí yín. Kì í ṣe ìgbéraga.

Bàbá Kàmílù (Ohio)

Àdùkẹ́, o ṣeun. Ọmọ Ìwó ni mí, Mùsùlùmí ni mí. Ilé-ìwé tí mo lọ ò ní halal nígbà yẹn, nítorí náà ibi oúnjẹ kosher, ìyẹn oúnjẹ tó bá òfin Júù mu, ni mo ti ń jẹun, nígbà tó yá mo gba iṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ kì í ṣe alásè o. Mashgiach ni, ẹni tó ń ṣọ́ òfin oúnjẹ. Òun ló ń tan ààrò láràárọ̀, a ò gbọdọ̀ tan án fúnra wa. Ìkòkò ẹran lọ́tọ̀, ìkòkò wàrà lọ́tọ̀, kànìnkànìn ìfọwo pàápàá lọ́tọ̀.

Ẹ̀fọ́ ni iṣẹ́ tèmi. Wọ́n á ní kí n fọ letusi ní ewé kọ̀ọ̀kan, kí n tẹ́ ẹ sórí àpótí onígíláàsì tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, kí n máa wá kòkòrò. Kòkòrò kan báyìí, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ewé náà, tí kò tó orí abẹ́rẹ́! Bí ọ̀gá bá rí i, gbogbo ẹ̀fọ́ inú abọ́ náà ni mo máa tún fọ̀. Èmi tí mo rò pé ìyá mi ti kọ́ mi ní ẹ̀fọ́ ṣíṣà, mo rí ọ̀gá.

Ẹ má sì rò pé ọ̀kan náà ni kosher àti halal. Wọ́n ń fi wáìnì se ẹran, mo máa ń bèèrè kí n tó bù. Àwa ń jẹ ràkúnmí, àwọn ò jẹ. Edé tí àwa ń dà sọ́bẹ̀, èèwọ̀ wọn ni. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-ìwé kan ti da méjèèjì pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Dartmouth ṣe é ní 2001.

Ọmọ Adventist (Texas)

Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ṣàgámù pé ìjọ wo ló ń sìn lọ́jọ́ Sátidé. Mo dé ibí, ọmọ Júù kíláàsì mi ló kọ́kọ́ bá mi lọ bá olùkọ́ pé kí wọ́n gbé ìdánwò Sátidé kúrò. Wọ́n gbé e.

Aṣọ́dánwò (London)

Ti London le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Shavuot, àjọ̀dún Pẹ́ńtíkọ́sì tiwọn, máa ń bọ́ sáàárín oṣù Karùn-ún sí Kẹfà, àsìkò ìdánwò gan-an. Bí ilé-ìwé ò bá lè sún ọjọ́, wọ́n á jẹ́ kí ọmọ náà ṣe é lẹ́yìn àjọ̀dún, ṣùgbọ́n ẹnì kan á máa ṣọ́ ọ kó má bàa gbọ́ ìbéèrè lẹ́nu ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi mí ṣọ́ ọ̀kan rí nílé ẹbí Júù kan. Kò sí fóònù, kò sí tẹlifíṣàn. Ọmọ ń jẹ kéèkì wàràkàṣì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Èmi tí mi ò ní ìdánwò, oorun ò kùn mí.

Ọmọ Èkìtì (New York)

Gbogbo ẹ̀ ò dùn o. Láti oṣù Kẹwàá 2023 tí ogun Gásà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ibi tí mo ti ń bá ọ̀rẹ́ mi lọ jẹun, orúkọ rẹ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé kí o tó wọlé. Nígbà Ìrékọjá 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù kan ṣe àsè wọn nínú àgọ́ àtakò ogun náà ní Yunifásítì Columbia. Ọ̀rẹ́ tèmi ní ẹ̀rù ń ba òun láti dé fìlà pẹlẹbẹ rẹ̀ kọjá níwájú àgọ́ kan náà. Júù ni wọ́n lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ohùn kan ni gbogbo wọn ní, kò bá wọn jẹun rí.

Títílayọ̀ (California)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, rábì ilé-ìwé wa tó jẹ́ ti Chabad, ẹgbẹ́ Júù Orthodox kan, àti ìyàwó rẹ̀ pè mí wá jẹun lálẹ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ṣé kí n se ìrẹsì jọ́lọ̀ọ̀fù dání?

Àdùkẹ́ (Massachusetts)

Rárá o! Ìkòkò rẹ ti mọ edé. Mú òdòdó tàbí èso tí o kò tíì gé, kí o sì débẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bí o bá fẹ́ ra nǹkan inú páálí, wá lẹ́tà U tí wọ́n fi òbìrí yí ká lára rẹ̀, àmì kosher nìyẹn. Má ya fọ́tò. Àwọn tọkọtaya Chabad ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lálejò láti 1969, ẹ̀bá ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀, ní UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. O ò ní í ṣàjèjì sí wọn. Àwọn ọmọ wọn á gùn ọ́ lẹ́sẹ̀. Má jẹ àjẹyó nídìí ẹja o, ọbẹ̀ àti ẹran ṣì ń bọ̀.